Ooru kíláàsì l'Ógbómọ̀ṣọ́: AC, fáànù, òrùlé, fèrèsé àbí igi? Ìfiwéra fún òbí àti olùkọ́

Ẹni tó bá ti wọ kíláàsì onípáànù l'Ógbómọ̀ṣọ́ ní aago kan ọ̀sán nínú oṣù kẹta kò nílò àlàyé púpọ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ ti lẹ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn, ìwé tó yẹ kí wọ́n máa kọ ni wọ́n ń fi fẹ́ra, àwọn tó wà ní bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn sì ti gbórí lé tábìlì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ni nínú irú kíláàsì bẹ́ẹ̀. Ìṣirò tí mo bá kọ́ wọn ní aago mẹ́jọ àárọ̀ máa ń yé wọn. Èyí tí mo bá kọ́ wọn lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, àfi ká tún un ṣe lọ́jọ́ kejì.

Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti kásẹ̀ nílẹ̀ tí oṣù kejì wọlé, ọ̀rọ̀ ooru á dé ìpàdé òbí àti olùkọ́. Bàbá kan á ní ká dá owó AC. Ìyá kan á ní fáànù ti tó. Ẹlòmíràn á bi wá pé nígbà tí àwọn wà nílé-ìwé, kí ló wà níbẹ̀ ju fèrèsé lọ? Kò sí èyí tí kò rí nǹkan kan sọ nínú wọn. Ohun tí a kì í ṣe ni pé ká tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ká yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan kí a tó ná kọ́bọ̀. Ohun tí mo fẹ́ ṣe níbí nìyẹn.

Ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n

Ìbéèrè márùn-ún ni. Ṣé ó ń dín ooru kù lóòótọ́, àbí ńṣe ló kàn ń jẹ́ ká lè fara dà á? Èló ni yóò gbà lẹ́ẹ̀kan náà, èló ni yóò sì máa gbà lóṣooṣù? Bí iná bá lọ ńkọ́? Ṣé ó bá iye ọmọ tó wà nínú kíláàsì mu? Ìkarùn-ún ni mo kà sí jù: ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀ lẹ́yìn tí ọmọ ẹni tó dá owó rẹ̀ bá ti jáde ilé-ìwé? Mo mọ ilé-ìwé kan tí AC méjì ṣì wà lára ògiri rẹ̀ títí dòní. Ẹyẹ ti kọ́ ìtẹ́ sínú ọ̀kan.

Ó tún yẹ ká mọ ibi tí ooru náà ti ń wá. Ògbómọ̀ṣọ́ wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 8 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Nítorí náà, ní bí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹrin, oòrùn ọ̀sán máa ń dúró sí àtàrí wa gan-an, orí òrùlé ló sì ń jó jù. Nígbà tí ìta bá gbóná tó ìwọ̀n 35, páànù tó ti dípẹtà lè kọjá 60. Ẹ na àtẹ́lẹwọ́ yín sókè sí páànù kíláàsì tí kò ní àjà, láì fọwọ́ kàn án. Bí ooru yẹn ṣe ń jó yín lọ́wọ́ ló ṣe ń jó orí àwọn ọmọ láti aago mọ́kànlá títí wọ́n fi máa relé. Ibòmíràn tí ooru ti ń wá ni ògiri tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Èyí tó kù, ara àwọn ọmọ fúnra wọn ni.

AC

AC ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń dárúkọ, ó sì ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò yìí, kò sí èyí tó lè mú yàrá tutù tó o, ó sì tún ń fa ọ̀rinrin kúrò nínú afẹ́fẹ́. Ó wúlò ní yàrá kọ̀ǹpútà, ní ọ́fíìsì èèyàn mẹ́ta, àti ní ibi tí wọ́n ń kó oògùn sí.

Kíláàsì ọmọ àádọ́ta ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Àgbàlagbà tó bá jókòó jẹ́ẹ́ ń tú ooru tó 100 wáàtì jáde lára, bíi gílóòbù àtijọ́ tó máa ń jó ni lọ́wọ́ yẹn. Ti ọmọdé kéré díẹ̀ sí i. Bí a bá ka ọmọ kọ̀ọ̀kan sí 80 wáàtì, ọmọ 50 ti di 4,000 wáàtì, láì tíì ka ti páànù àti ti ògiri. AC tí à ń pè ní one-horse kò lè kó ju bíi 2,600 wáàtì ooru jáde nínú yàrá. One-and-half ń kó bíi 3,500. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé AC kan ṣoṣo kò lè borí ooru ara àwọn ọmọ nìkan, áńbọ̀sì ti òrùlé. One-and-half méjì ló kéré jù, bí kò bá sì sí àjà lábẹ́ páànù, méjì náà á kàn máa pariwo lásán ni.

Ẹ wo owó iná. One-and-half kan ń jẹ tó 1,200 wáàtì nígbà tí kò bá sinmi, irú kíláàsì yìí kò sì ní jẹ́ kó sinmi. Méjì fún wákàtí mẹ́fà jẹ́ yúníìtì 14.4 lójúmọ́. Ní oṣù keje 2024, nǹkan bí náírà 209 ni wọ́n ń ta yúníìtì kan fún àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún. Ìyẹn jẹ́ bíi náírà 3,000 lójúmọ́, náírà 60,000 fún ogún ọjọ́ ìwé, fún kíláàsì kan péré. Bí iye yúníìtì tiyín bá yàtọ̀, ẹ fi tiyín rọ́pò 209 kẹ́ ẹ tún un ṣírò.

Ìṣòro kan tí a kì í rò ni pé iná lè wà kó má lè gbé AC. Nígbà tí gbogbo àdúgbò bá ń lo iná lọ́sàn-án, agbára rẹ̀ á lọ sílẹ̀. Fáànù á máa yí jẹ́jẹ́, AC ò ní dáhùn rárá, tàbí kó máa gbìyànjú títí á fi jóná. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní "I pass my neighbour" kò lè gbé e. Jẹnẹrétọ̀ ńlá tó lè gbé e ń mu epo, ariwo rẹ̀ á sì bo ohùn olùkọ́ mọ́lẹ̀. Èéfín rẹ̀ ń pààyàn, nítorí náà ẹ má gbé e sítòsí fèrèsé kíláàsì láéláé.

Kí AC tó lè ṣiṣẹ́, a ní láti ti fèrèsé. Èémí ọmọ àádọ́ta nínú yàrá títì ń mú orí fọ́ wọn, oorun a sì máa kùn wọ́n, bí ibẹ̀ tiẹ̀ tutù. Bí ọ̀fìnkìn bá mú ẹnì kan lọ́jọ́ Ajé, ó di ti gbogbo kíláàsì kó tó di ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ tí iná bá sì lọ lójijì, kí wọ́n tó ṣí fèrèsé tán, ibẹ̀ á ti gbóná ju ti kíláàsì tí kò ní AC lọ.

Fáànù

Fáànù kì í mú afẹ́fẹ́ tutù. Ẹ tan án sínú yàrá tí kò sẹ́nì kankan, bí yàrá náà ṣe gbóná ló ṣe máa wà. Òógùn ara ló ń bá wa gbẹ, bí òógùn bá sì ṣe ń gbẹ lara ń tutù. Ìdí nìyẹn tó fi wúlò nínú ooru wa, ìdí nìyẹn náà tó fi níbi tí agbára rẹ̀ mọ. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kì í gbani níyànjú láti gbára lé fáànù bí yàrá bá ti gbóná tó ìwọ̀n 40, torí afẹ́fẹ́ tó gbóná ju ara lọ ló ń fẹ́ lu èèyàn. Ìta l'Ógbómọ̀ṣọ́ kì í sábà tó bẹ́ẹ̀. Abẹ́ páànù tí kò ní àjà lè tó o. Bí wọ́n bá so fáànù kọ́ irú ibẹ̀, ooru tó kóra jọ lókè ló ń tì wá sísàlẹ̀, àwọn ọmọ á sì máa bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ pa á.

Ti àjà ló dára jù fún kíláàsì. Mẹ́rin á tó yàrá kan. Kí abẹ rẹ̀ ga tó ẹsẹ̀ bàtà méje, ó kéré tán, sí ilẹ̀, torí ọmọ tó bá gun tábìlì kò ní rántí pé nǹkan ń yí lókè. Èyí tó ń dúró nílẹ̀ máa ń gba ojú ọ̀nà, wáyà rẹ̀ máa ń kọ́ ọmọ lẹ́sẹ̀, ẹni tó wà níwájú rẹ̀ nìkan ló sì ń gbádùn rẹ̀.

Fáànù àjà tí a mọ̀ ń jẹ bíi 75 wáàtì. Mẹ́rin fún wákàtí mẹ́fà kò pé yúníìtì méjì, ìyẹn bíi náírà 376 lójúmọ́ tí a bá fi 209 ṣírò rẹ̀. Irú tuntun kan wà tí wọ́n ń pè ní BLDC, bíi 30 wáàtì ló ń jẹ. Ó wọ́n ju ti àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n mẹ́rin rẹ̀ kò ju bíi náírà 150 lọ lójúmọ́.

Irú èyí ló bá sólà mu jù lọ. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wọ ara wọn: wákàtí tí oòrùn ń mú jù ni à ń wá fáànù jù, wákàtí yẹn gan-an ni pánẹ́ẹ̀lì ń ṣiṣẹ́ jù. Ilé-ìwé kì í lò ó lóru, nítorí náà bátìrì kékeré ti tó, bátìrì ló sì máa ń wọ́n jù nínú iṣẹ́ sólà. Pánẹ́ẹ̀lì 400 wáàtì kan lè gbé fáànù BLDC mẹ́rin láti àárọ̀ títí wọ́n á fi ṣíwọ́, láì dúró de iná ìjọba. Olè ni ẹ̀rù mi níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà fi irin dè é mọ́ òrùlé, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ ilé-ìwé gàdàgbà sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Òrùlé

Ibí ni mo ti ń bẹ̀ yín kẹ́ ẹ fara balẹ̀, torí ibí ni owó wa kì í dé. A máa ń fi owó lé ooru tó ti wọlé, a kì í náwó láti dí ojú ọ̀nà tó ń gbà wọlé.

Ohun méjì ló wà láti ṣe sí òrùlé. Àkọ́kọ́ ni ọ̀dà funfun lórí páànù. Ohun dúdú ń gba oòrùn mọ́ra, ohun funfun ń dá a padà. Páànù tó ti dípẹtà pupa ló burú jù. Àwọn kan máa ń fi ẹfun tí wọ́n fi ń kun ògiri kùn ún. Kò wọ́n, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní sáà ẹ̀ẹ̀rùn kan, àmọ́ òjò oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún á fọ̀ ọ́ dànù. Ọ̀dà tí wọ́n dìídì ṣe fún òrùlé onírin wọ́n jù ú lọ, ó sì lè lo ọdún mélòó kan. Iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú ìpalẹ̀mọ́: kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà kúrò, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n kọ́kọ́ fi ọ̀dà tí ń dènà ìpẹtà kùn ún, kí wọ́n tó wá kun funfun lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ṣe é nínú oṣù kìíní, ní àárọ̀ kùtù kí páànù tó gbóná. Kí ẹni tó gòkè máa tẹ ibi tí ìṣó wà, torí abẹ́ ibẹ̀ ni igi wà. Bí ẹ bá ń gba omi òjò òrùlé náà mu, ẹ bèèrè lọ́wọ́ ọlọ́dà pé ṣé kò sí òjé nínú rẹ̀. Eruku ọyẹ́ máa ń sọ funfun di eérú, nítorí náà kí wọ́n da omi sí i fọ̀ ọ́ lọ́dọọdún kí oṣù kejì tó dé.

Ìkejì ni àjà. Àjà kì í jẹ́ kí ooru páànù máa ká ọmọ lórí ní tààrà. Kíláàsì tí kò bá ní àjà, mi ò mọ ohun tó ń wá AC ṣe. Pákó pẹlẹbẹ ni káfíńtà wa mọ̀ dáadáa, àmọ́ ikán àti òrùlé tó ń jò ni ọ̀tá rẹ̀. Àjà oníke fúyẹ́, ikán kì í jẹ ẹ́, kò sì fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù omi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ihò sílẹ̀ ní ìhà méjèèjì láàárín àjà àti páànù kí ooru tó há sókè lè rí ibi gbà jáde, kí wọ́n sì fi nẹ́ẹ̀tì dí ihò náà. Bí kò bá sí nẹ́ẹ̀tì, àdán á sọ ibẹ̀ di ilé, òórùn rẹ̀ nìkan á sì lé àwọn ọmọ jáde.

Ọ̀rọ̀ kan tó ṣe pàtàkì fún àwọn ilé-ìwé tó ti pẹ́: bí àjà yín bá jẹ́ asbestos, èyí tó rí pẹlẹbẹ, tó ní àwọ̀ eérú, tó sì le bíi sìmẹ́ǹtì, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́ ọ tàbí kó fi ayùn rẹ́ ẹ. Eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Bí kò bá tíì sán, ẹ fi ọ̀dà kùn ún kẹ́ ẹ sì fi í sílẹ̀.

Ọ̀dà àti àjà kò ní mú kí kíláàsì tutù bíi ti báńkì. Ohun tí wọ́n máa ṣe ni pé abẹ́ òrùlé á bá ìta dọ́gba dípò kó ju ìta lọ. Wọn kì í jẹ iná, wọn kì í mu epo, iná lílọ ò sì kàn wọ́n. Wọ́n á sì jẹ́ kí fáànù tí ẹ bá rà lẹ́yìn náà ní ohun gidi tó máa ṣe.

Fèrèsé

Atẹ́gùn tó bá wọlé tí kò rí ibi jáde kò wọlé. Kíláàsì tó ní fèrèsé níwájú tí kò ní lẹ́yìn pọ̀ nílùú wa. Bíríkìlà kan lè lu ògiri ẹ̀yìn lọ́jọ́ méjì, kó fi búlọ́ọ̀kì oníhò sí i. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì máa ń yà mí lẹ́nu. Fèrèsé sliding, èyí tí à ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ló wà lóde báyìí, ó sì dára lójú. Àmọ́ ìdajì péré ló ń ṣí. Fèrèsé onígi àtijọ́ ń ṣí tán pátápátá, louvre náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí tán. Fún kíláàsì, èmi ò lè gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti ra sliding.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́lé: ẹ jẹ́ kí ilé gùn láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn, kí fèrèsé kọjú sí àríwá àti gúúsù. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ò ní rí ojú àwọn ọmọ. Ẹ fa òrùlé jáde kó ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn bàbá wa tó fi amọ̀ mọ ògiri nípọn mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: ìrọ̀lẹ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ dé kí ooru tó la irú ògiri bẹ́ẹ̀ já, ìgbà yẹn àwọn ọmọ ti relé.

Igi

Òjìji igi kò ní owó oṣù. Sùúrù ló ń béèrè: kó tó bo òrùlé, á tó ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Dongoyaro ń yára dàgbà, ẹ̀ẹ̀rùn kì í pa á bó bá ti fìdí múlẹ̀, ewúrẹ́ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ ewé rẹ̀. Máńgòrò l'òjìji rẹ̀ tutù jù, ó sì pọ̀ l'Ógbómọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n òkò tí àwọn ọmọ máa ń sọ sí èso rẹ̀ á lu páànù yín jálẹ̀. Ẹ gbìn ín jìnnà. Ìhà ìwọ̀ oòrùn ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, nínú oṣù kẹfà tí òjò ti fìdí múlẹ̀, kó jìnnà sí ògiri tó mítà márùn-ún ó kéré tán. Gbogbo kíláàsì ló yẹ kó ní ọmọ tí ń bomi rin ín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́. Ẹ̀ẹ̀rùn yẹn ló máa ń pa igi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà.

Fáànù olómi

Bí àmù ìyá àgbà ṣe ń mú omi tutù ni fáànù olómi ṣe ń ṣiṣẹ́: omi ń gbẹ, ó sì ń kó ooru lọ. Nínú oṣù kejì tí afẹ́fẹ́ gbẹ, ó dùn. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, afẹ́fẹ́ ti kún fún ọ̀rinrin, omi ò gbẹ mọ́, yàrá á kàn rin wínníwínní, ara á sì máa yí fún òógùn. Oṣù méjì péré ni ẹ ó fi gbádùn rẹ̀ lọ́dún. Omi tí a kò bá pààrọ̀ nínú rẹ̀ á máa rùn, ẹ̀fọn á sì máa yé sí i.

Èyí tí kò ná ẹ lówó

Ìṣirò àti Sáyẹ́ǹsì ní àárọ̀. Orin, iṣẹ́ ọwọ́ àti ìwé kíkà lẹ́yìn aago méjìlá, lábẹ́ igi bí igi bá wà. Tábìlì àkókò nìkan lẹ máa yí padà. Àmù kan ní ẹnu ọ̀nà kíláàsì kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìdérí àti ife ọlọ́wọ́ gígùn tí a fi ń bù ú sí ife ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n mu omi kí òǹgbẹ tó gbẹ wọ́n. Táì àti súwẹ́tà nínú oṣù kẹta, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ bọ́ ọ kúrò lọ́rùn àwọn ọmọ. Aṣọ òwú ń fa òógùn. Ike tó jọ aṣọ kì í fà á.

Olùkọ́ gbọ́dọ̀ mọ àmì ewu. Ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná janjan, tó ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò yéni, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ tàbí tó dákú: ẹ gbé e sí òjìji, ẹ tú aṣọ rẹ̀, ẹ da omi sí i lára, ẹ máa fẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá mọ ara rẹ̀, ẹ má rọ omi sí i lẹ́nu.

Ta ni kó mú èwo?

Ilé-ìwé ìjọba tí páànù rẹ̀ wà níhòòhò, tí iná ò dúró sí, tí ọmọ sì pọ̀: ọ̀dà òrùlé ni kẹ́ ẹ fi owó àkọ́kọ́ ṣe, lẹ́yìn náà fèrèsé ẹ̀yìn, lẹ́yìn náà àjà, ní kíláàsì kan sí òmíràn bí owó bá ṣe ń wọlé. Ẹ gbin igi lọ́dún yìí kan náà. Fáànù lè dúró.

Ilé-ìwé tó ti ní àjà tó dáa: ẹ má wo ibòmíràn, fáànù BLDC lórí sólà ni.

Ẹni tó háyà ilé, ẹ má kun òrùlé onílé láìjẹ́ pé ẹ jọ sọ ọ́. Fáànù tí ẹ lè tú lọ, àti tábìlì àkókò tó bá ooru mu, ni tiyín.

Ilé-ìwé aládàáni tí ọmọ ogún wà ní kíláàsì, tí iná Band A sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, lè fi AC sí i bí àwọn òbí bá ti gbà láti máa san owó iná rẹ̀ lóṣooṣù. Kí ìwé àdéhùn wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tí á máa pe alátùn-únṣe. Bí kò bá sí èyí, kó mọ sí yàrá kọ̀ǹpútà.

Àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe WAEC, ẹ gbé wọn sí yàrá tó tutù jù, bó tiẹ̀ jẹ́ yàrá olùkọ́. Bí owó yín bá sì tó kíláàsì kan ṣoṣo lọ́dún yìí, jẹ́lé-ó-sinmi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi ṣe. Ara ọmọ kékeré ń yára gbóná ju tàgbà lọ, ọmọ ọdún mẹ́ta ò sì ní sọ pé ooru ń mú òun kó tó ṣubú.